Ládòkun àti Àwọn Tó Wọ Adágún Atẹ́rẹrẹ

Ní ìgbà láéláé, kí ẹnikẹ́ni tó fún ayé tiwa yìí lórúkọ, ayé kan wà ní ọ̀nà jíjìn réré láàrin àwọn ìràwọ̀, Àyídà ni wọ́n ń pè é. Òòrùn méjì ló ń ràn sí i. Wọ́n ń pe èyí ńlá ní Ìyá, wọ́n sì ń pe èyí kékeré ní Ọmọ. Ojoojúmọ́ ni Ìyá ń yọ tó sì ń wọ̀, ṣùgbọ́n alárìnkiri ni Ọmọ. A máa lọ jìnnà títí ojú kò fi ní í rí i mọ́, bí ọ̀pọ̀ ìran bá sì ti kọjá, a tún padà wá.

Àwọn tí Ẹlẹ́dàá fi sí Àyídà kì í ṣe ènìyàn bíi tiwa gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sin òkú wọn. Àwa a máa sọ pé ìlú tí a bá dé, fìlà ibẹ̀ là ń dé. Tiwọn ju fìlà lọ, awọ ara ibẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ gbé lórí òkè tí òtútù wà, kí ogójì ọjọ́ tó pé, irun á ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí àgùntàn. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ wá sínú ẹrẹ̀, awọ á so ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Bó bá wọ inú ihò tó ṣókùnkùn, ojú rẹ̀ á fẹ̀, etí rẹ̀ á sì máa gbọ́ ìrìn èèrà.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀bùn tí kò ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ara tí a bí wọn mọ́ ni ilé wọn, gbogbo ara yòókù, ìrìn àjò ni. Omi ló sì jẹ́ àjò tó léwu jù. Ẹni tó bá wọ omi lọ gbé, ihò á là sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ tí yóò máa fi mí, ọ̀fun rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Ó ṣì lè sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó ṣì mọ ẹni tó bí i. Bó bá wá lo ọdún mẹ́ta gbáko níbẹ̀ láìjáde, ọ̀rọ̀ á kúrò lẹ́nu rẹ̀, ìrántí á tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn ilé á sì tì mọ́ ọn sẹ́yìn. Kò sí ọmọ Àyídà tí kò mọ èyí kó tó mọ̀ ọ́n rìn.

Ìlú Etí-Ibú ni wọ́n bí Ládòkun sí, lẹ́bàá omi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Adágún Atẹ́rẹrẹ. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, kòkòrò jẹ gbogbo irúgbìn ìlú náà run, òun nìkan ló sì dá Aginjù Oníyọ̀ kọjá, ibi tí baba ńlá àwọn baba rẹ̀ kò dé rí. Ìgbà méje ni ara rẹ̀ yí padà lójú ọ̀nà, ó di onípẹẹpẹ́, ó di onírun, ó tún di aláwọ ìjàpá, kó tó gbé àpò irúgbìn ọkà pupa kan padà wálé. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kì í pé: Ládòkun, ọkọ Aginjù, arìn-gbẹ-má-kú, àpáta tí òòrùn pa tí kò là, ọkùnrin kan tí ó ṣe bí igba lójú ogun ebi. Nígbà tí irun orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, òun ni wọ́n fi ṣe olórí.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, obìnrin, Ẹniìtàn lorúkọ rẹ̀. Ìyá wọn kú nígbà tí a kò tíì já Ẹniìtàn lẹ́nu ọmú, ẹ̀yìn Ládòkun ló sì dàgbà sí. Ẹlẹ́nu mímú ni Ẹniìtàn. Bí gbogbo ìlú bá ń kì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun ni yóò bi í bóyá ó ti jẹun.

Ó wá di ọdún kan, Ọmọ yọ lójú ọ̀run. Lákọ̀ọ́kọ́ ó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, nígbà tó yá ó tó àgbọn, nígbà tó sì tún yá, kò sẹ́ni tó lè wò ó mọ́. Koríko jóná lórí ìdúró. Àwọn ẹyẹ já bọ́ láti ojú ọ̀run. Àwọn àgbà mọ̀ pé ìgbà gbígbóná tí ìtàn sọ ti dé, pé ọdún mẹ́ta ni yóò gbà kí Ọmọ tó kọjá, àti pé ẹni tí òòrùn méjì bá bá lójú gbangba, kò sí ara tó lè dà tí yóò gbà á là.

Ládòkun pe ìlú jọ sábẹ́ àpáta, ó ní, "Ẹ̀yin ará Etí-Ibú, ọ̀nà méjì ló kù fún wa. Ihò òkúta tó wà lẹ́yìn ìlú tutù, ṣùgbọ́n kò lè gba ju ìdajì wa lọ, oúnjẹ tó wà nínú abà kò sì lè bọ́ ju ìdajì wa lọ. Adágún Atẹ́rẹrẹ jìn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní gbóná, ohun tí wọn yóò jẹ sì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ọwọ́, àwọn ìyá wọn àti àwọn arúgbó kò lè fara da ìyípadà omi. Àwọn ni kí wọ́n lọ sínú ihò. Mo ń wá àwọn alágbára tí yóò wọ omi nítorí wọn."

Ẹniìtàn ló kọ́kọ́ dìde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ Yèyé Àrìnpé dìde, ọmọbìnrin wọn sì tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi pé irinwó ó lé méjìlá.

Àpáta dúdú kan wà létí adágún náà tí ìdí rẹ̀ wọnú omi lọ. Bí a bá fi òòlù lù ú, ìró rẹ̀ a máa dé ìsàlẹ̀ ibú. Wọ́n ṣe àdéhùn pé lọ́jọ́ tí ọdún mẹ́ta bá ku ọ̀sẹ̀ kan kó pé, Ládòkun yóò lu àpáta náà, àwọn ará omi yóò sì jáde. Wọn kò gbọdọ̀ jáde bí wọn kò bá gbọ́ ìró, nítorí bí afẹ́fẹ́ kò bá tíì tutù, yóò jó wọn ní ọ̀fun pa.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń wọ omi, Ẹniìtàn dúró, omi dé e ní orúnkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá gbàgbé ńkọ́?"

"Báwo ni n óò ṣe gbàgbé ẹni tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n?"

"Èmi kọ́ ni mò ń sọ. Àwọn tó kù yìí ni mò ń bèèrè fún. Ẹ̀yìn yín kọ́ ni wọ́n dàgbà sí."

Ládòkun gbé òòlù náà sókè, ó fi búra lójú gbogbo wọn. Ni wọ́n bá wọ inú omi lọ.

Ọdún mẹ́ta nínú ihò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ojú wọn fẹ̀, awọ wọn funfun bí olú. Baba Aríyìíbí, tí í ṣe olùtọ́jú abà, ló ń fi ọ̀bẹ fa ìlà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sára ògiri, òun náà ló ń wọn oúnjẹ. Nígbà tí ọdún kẹta ń parí lọ, Ládòkun jáde, ó rí i pé Ọmọ ti ń lọ. Òjò kan ti rọ̀. Ó kó àwọn tí wọ́n lágbára díẹ̀ jáde, wọ́n gbin èyí tó kù nínú ọkà pupa, ọkà náà sì hù.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ọjọ́ ìpè pé, Baba Aríyìíbí wá bá a níbi tó jókòó sí lẹ́nu ihò.

Ó ní, "Olórí, mo ti wọn oúnjẹ tó kù lẹ́ẹ̀mẹta. Ó lè gbé àwa tí a wà nílẹ̀ yìí dé ìkórè, èyí tí í ṣe àádọ́rùn-ún ọjọ́. Kò sí ẹ̀kún ìkòkò kan tó lé lórí rẹ̀."

"Lẹ́yìn ọ̀la ni a óò pe àwọn ènìyàn wa."

"Ẹni tí ara rẹ̀ ń yí padà a máa jẹ oúnjẹ ẹni mẹ́ta, ẹ̀yin náà mọ̀. Bí irinwó bá jáde lónìí, abà á ṣófo kí ogún ọjọ́ tó pé. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni yóò kọ́kọ́ kú." Baba náà gbé ojú síbòmíràn. "Inú omi tí wọ́n wà, wọ́n ń jẹun níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á kórè ná."

"Ọdún mẹ́ta ńkọ́?"

"Àwọn baba wa ní ọdún mẹ́ta. Ta ló wọ̀n ọ́n? Bí a bá ní kí ọmọ má dé etí kànga, ìgbà mìíràn ibi tí a ti dá a dúró ṣì jìnnà sí kànga."

Ládòkun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn létí òun ju bó ti yẹ lọ. Ó mọ̀ pé òun lè lọ sí etí omi lọ bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀, kí òun sọ bí ọ̀rọ̀ ti rí fún wọn, kí àwọn fúnra wọn yan ohun tí wọ́n fẹ́. Ó mọ̀ pé òun lè ní kí gbogbo ìlú máa jẹ ìdajì ìdajì. Ó sì mọ ohun tí Ẹniìtàn yóò sọ. Bóyá nítorí pé ó mọ̀ ọ́n ni kò ṣe lọ.

Nígbà tí ọjọ́ ìpè pé, ó dá nìkan lọ sí etí adágún, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ara pamọ́ sẹ́yìn àpáta dúdú. Àwọn ará omi ti ń ka ọjọ́ tiwọn. Ó rí orí wọn tí wọ́n ń yọ lójú omi lọ́kọ̀ọ̀kan bí igbá, títí ojú adágún fi kún fún wọn. Wọn kò pariwo. Wọ́n kọjú sí àpáta náà, wọ́n ń tẹ́tí. Láti òwúrọ̀ títí Ìyá fi dé àtàrí, wọ́n wà níbẹ̀, Ládòkun náà sì wà níbẹ̀, kò lu àpáta náà. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rì padà, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Bí wọ́n tilẹ̀ jìnnà síra, Ládòkun mọ̀ pé Ẹniìtàn ni. Ó dúró fún ìgbà pípẹ́, ó ní sùúrù bíi ti ọmọ tí ó mọ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ wá mú òun ti wà lójú ọ̀nà, lẹ́yìn náà òun pẹ̀lú rì.

Ládòkun padà sílé. Ó sọ fún àwọn ará ìlú pé afẹ́fẹ́ etí omi kò tíì dára.

Ọkà pupa yọ ọmọ, wọ́n kórè, ẹnì kankan kò kú. Lọ́jọ́ kejì ìkórè ni Ládòkun kó gbogbo ìlú lọ sí etí adágún. Ó lu àpáta náà títí ọrùn òòlù fi yẹ̀. Àwọn ará omi wá, ṣùgbọ́n bí ẹja ṣe ń wá síbi tí ariwo wà ni wọ́n ṣe wá. Àwọn ìyá ń pe ọmọ, àwọn ọmọ ń pe baba. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ládòkun wọ inú omi dé àyà, ó mú ọkà sísè dání, ó ń pe, "Ẹniìtàn, Ẹniìtàn." Ẹniìtàn sún mọ́ ọn. Ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó mú ọkà náà, ó wò ó, ó jọ̀wọ́ rẹ̀ sínú omi. Ojú rẹ̀ rìn lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ojú ti ń rìn lára òkúta, ó sì yí padà lọ.

Àwọn ènìyàn sunkún fún ọjọ́ méje. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àkókò ni ó jìn wọ́n lẹ́sẹ̀, pé àwọn ará omi ti gbàgbé kí ọjọ́ tó pé. Ládòkun kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Baba Aríyìíbí kò sì gbé ọdún náà já, ọ̀rọ̀ náà wá ku ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n. Ìlú gbèrú. Wọ́n fi kún oríkì rẹ̀: Ládòkun, agbọmọ-lọ́wọ́-iná, ẹni tó gba ìdajì là nígbà tí gbogbo rẹ̀ ìbá ṣègbé. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá kì í, ẹnu rẹ̀ a korò bí ẹnu ẹni tó jẹ orógbó. Ọkà pupa tí òun fúnra rẹ̀ mú wálé, kò lè fi kan ẹnu mọ́, ewé igbó ló ń jẹ, àwọn ènìyàn sì sọ pé nítorí ìwà mímọ́ rẹ̀ ni.

Yèyé Àrìnpé ló ń lọ sí etí adágún lójoojúmọ́ pẹ̀lú àwo oúnjẹ méjì, ọ̀kan fún ọkọ rẹ̀, ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀, bí àwọn méjèèjì kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní ọdún karùn-ún, ó bá Ládòkun pàdé lójú ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí i.

Ó ní, "Olórí, mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, mi ò rí àyè sọ ọ́ rí. Ọmọ-ọmọ mi méjì ló wà nínú ihò lọ́jọ́ náà. Bí kò bá sí ẹ̀yin, n kì bá ní ẹnì kankan."

Ládòkun na ọwọ́ láti gbé e dìde, ó tún fà á sẹ́yìn. Ó kọjá lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọdún ìkórè. Nígbà tí gbogbo ìlú péjọ, tí akígbe sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oríkì, Ládòkun gbé ọwọ́ sókè, ó dá a dúró.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará Etí-Ibú, ẹ fara balẹ̀. Ẹ ti ń fi ohun tí kì í ṣe tèmi kì mí, mo sì ti ń gbà á. Àwọn ènìyàn yín kò gbàgbé kí ọjọ́ tó pé. Lọ́jọ́ àdéhùn, gbogbo wọn jáde sójú omi, wọ́n ń dúró de ìró òòlù. Mo wà lẹ́yìn àpáta. Mo rí wọn. N kò lù ú. Ẹ̀rù bà mí pé oúnjẹ kò ní tó, mo sì fi ọjọ́ wọn ra ìkórè. N kò bi wọ́n, n kò bi yín. Mo purọ́ fún yín nípa afẹ́fẹ́. Ẹ má ṣe pè mí ní agbọmọ-lọ́wọ́-iná mọ́. Ohun tí ẹ bá fẹ́ fi mí ṣe, mo ti múra sílẹ̀."

Àgbà kan dìde, ó ní kí olórí jókòó, pé bí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, gbogbo àwọn tó jẹ nínú ìkórè náà ló jọ dá a. Àwọn kan mi orí. Ó ṣe kedere pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ìbá fẹ́ kó má sọ ọ́ rárá.

Yèyé Àrìnpé ni ó rìn wá síwájú. Kò sunkún, kò sì gégùn-ún. Ó ní, "Ẹ pe orúkọ wọn."

"Orúkọ ta ni, yèyé?"

"Àwọn tí ẹ kò pè. Ẹ pè wọ́n nísinsìnyí."

Ládòkun bẹ̀rẹ̀. Ó pe Ẹniìtàn. Ó pe ọkọ Yèyé Àrìnpé àti ọmọ rẹ̀. Ó pe àwọn aládùúgbò, àwọn ọ̀rẹ́, àwọn tí wọ́n jọ ṣe ọdẹ. Nígbà tó pe ẹni mẹ́tàdínlógójì, ó dúró. Ó ronú títí, òógùn bò ó, kò rí òmíràn pè.

Yèyé Àrìnpé ní, "Ìyẹn náà ni," ó sì lọ sí ilé rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Ládòkun bọ́ aṣọ olórí sílẹ̀. Ojúlé dé ojúlé ló ń lọ, ó ń jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń bèèrè pé ta ni ó lọ láti ilé yìí, kí ni wọ́n ń pè é, irú èèyàn wo ni. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. A padà lọ́jọ́ kejì. Ọdún mẹ́rin ni ó gbà á. Ó mọ̀ pé Lálérè a máa hanrun bí ọ̀bọ, ó mọ̀ pé Ojútaláyọ̀ kò fẹ́ràn òjò, pé àwọn ìbejì kan kò tíì gbé ìyàwó, pé àgbẹ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ gan-an ju Bàbá Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ lọ. Ó kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí, irinwó ó lé méjìlá. Ó ṣe é láìrò pé yóò mú ara tu òun, kò sì mú ara tù ú.

Nígbà tó di arúgbó, àwọn ará Òkè Iyọ̀, tí wọ́n ti òdìkejì aginjù wá, gbọ́ pé ẹja ńláńlá ń bẹ nínú Adágún Atẹ́rẹrẹ. Wọ́n kó àwọ̀n àti ọ̀kọ̀ wá, ogóje ọkùnrin. Ládòkun lọ pàdé wọn létí omi láìmú ohun ìjà dání.

Ó ní, "Ẹ kú ìrìn. Àwọn tí ẹ fẹ́ pa yìí, ènìyàn ni wọ́n."

Olórí wọn rẹ́rìn-ín. "Baba, ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀?"

"Rárá."

"Ṣé wọ́n mọ̀ yín?"

"Wọn kò mọ̀ mí. Ẹ̀bi mi nìyẹn, kì í ṣe tiwọn."

Wọn kò dá a lóhùn mọ́, wọ́n ju àwọ̀n. Ládòkun bọ́ sínú omi, arúgbó tí ìyípadà kan ṣoṣo tó láti pa. Ogójì ọjọ́ ni ara fi ń yí, tirẹ̀ yí lọ́jọ́ mẹ́ta, ọrùn rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde níbẹ̀, ó sì ń fi eyín àti èékánná já gbogbo àwọ̀n tí wọ́n bá jù. Bí wọ́n bá ju mẹ́wàá, á já mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀kọ̀ kan bà á níhà. Àwọn ará Etí-Ibú, tí wọ́n ti ń wò ó láti òkè láti ọjọ́ kìn-ín-ní, sọ̀ kalẹ̀ wàyí, àwọn àgbà àti àwọn ọ̀dọ́, wọ́n tò yí adágún ká. Nígbà tí àwọn ará Òkè Iyọ̀ rí i bí wọ́n ti pọ̀ tó, wọ́n kó ohun tó kù lára àwọ̀n wọn, wọ́n lọ.

Wọ́n gbé Ládòkun sórí iyanrìn. Ohùn rẹ̀ kò já gaara mọ́ nítorí ọ̀fun rẹ̀ tó ti yí. Yèyé Àrìnpé, tó ti darúgbó gan-an, ló tẹ etí sí i lẹ́nu. Ó ní orúkọ ló ń pè. Ó ní ó pe igba àti díẹ̀ kí ẹ̀mí tó bọ́, òun, tó ti gbọ́ wọn lẹ́nu rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, sì bá a pe ìyókù.

Wọn kò kọ́ ilé sí ibojì rẹ̀, wọn kò sì gbẹ́ ère rẹ̀. Oríkì rẹ̀ ni wọ́n tún ṣe, bí wọ́n sì ti ń kì í ní Etí-Ibú nìyí: Ládòkun, ẹni tí kò pe àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ àdéhùn, ọkọ Aginjù, olùmú-ọkà-wálé, ajáwọ̀n bí ẹni já òwú. Ẹni tó bá fẹ́ kì í kò gbọdọ̀ fo gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pa ohunkóhun nínú Adágún Atẹ́rẹrẹ.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi olórí tuntun jẹ, inú omi náà ni yóò dúró sí, yóò pe irinwó ó lé méjìlá orúkọ lójú gbogbo ìlú, pẹ̀lú ohun kan tí a mọ̀ nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá fo ẹnì kan, yóò tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi jẹ kẹ́yìn fo Bàbá Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Omi tutù, eyín rẹ̀ ń lura, ìlú dúró lókè ń wò ó, kò sẹ́ni tó sọ orúkọ náà fún un.